Ìjọba Ti Ilẹ̀kùn, Ọmọ Mi Wà Nílé Nìkan

Ẹ yin Olúwa! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yìn ín kó ròkè, nítorí ohùn tèmi kì í ròkè. Ẹ yin Olúwa! Ẹ ṣeun. Ọlọ́run á gbọ́ ti ẹ̀yin náà.

Ẹ̀yin ará, ọ̀pọ̀ nínú yín ò tíì gbọ́ ohùn mi rí. Láti ìgbà tí ilé yìí, ní Peckham níbí, ṣì jẹ́ ilé ìkẹ́rùsí, tí òjò ń jò sí wa lórí bí a bá ń kọrin, ìlà kẹta lápá òsì ni mo máa ń jókòó sí. Mo máa ń wá, mo máa ń lọ. Ilé ìdáná ilé ẹ̀kọ́ kan ní East Dulwich ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń gba maikirofóònù. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́ lórí èyí, àìmoore ni. Ẹ ní sùúrù fún mi, kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kí n má fi kún un, kí n má sì yọ níbẹ̀.

Ẹ mọ Ṣadé, ọmọ mi obìnrin kan ṣoṣo. Nínú ẹgbẹ́ akọrin wa níbí ló wà kó tó fẹ́ Káyọ̀dé, tí àwọn méjèèjì kó lọ sí Amẹ́ríkà. Bàbá Káyọ̀dé nìyẹn tí wọ́n jókòó sọ́hùn-ún, Díákónì wa, tí wọ́n ń gbé ní Forest Hill. Ìyá Káyọ̀dé ti lọ sinmi kí àwọn ọmọ náà tó ṣègbéyàwó. Nítorí náà, ìyá kan ló kù fún àwọn méjèèjì. Èmi ni.

Ìjọba Amẹ́ríkà ni Káyọ̀dé ń ṣiṣẹ́ fún. Ní pápá ọkọ̀ òfurufú ìlú wọn, òun wà lára àwọn tó ń yẹ èrò wò kí wọ́n tó wọkọ̀. Wọn kì í mú fóònù dání lẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Inú àpótí ni wọ́n ń tì í mọ́ títí iṣẹ́ á fi parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ó pẹ́ kí Ṣadé tó lóyún. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi gbàdúrà. Nígbà tí oyún wá dé, ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe. A kì í pariwo oyún. A kì í sọ ọjọ́ ìrìnàjò. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sókè òkun, ìgbà tó bá débẹ̀ ni a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àwòrán rẹ̀. A ní nítorí ọ̀tá. Èmi, ọkọ mi àti àna wa Díákónì la jọ ṣe é ní àdéhùn pé ọ̀rọ̀ náà ò gbọdọ̀ jáde láàárín àwa mẹ́ta. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo gbàyè níbi iṣẹ́. Mo ra òrí àti kànrìnkàn ọmọ, mo di ẹrù mi, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Màmá Tóbi tó ń jókòó lẹ́yìn mi gan-an, ojúgbà mi tó ń ṣe irun fún mi ní Rye Lane, kò mọ nǹkan kan. Yóò béèrè lọ́wọ́ mi ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi pé, "Ìyá Ṣadé, ṣé àlàáfíà ni?" Màá ní, "Àlàáfíà ni."

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí kò gbọ́ irọ́ mi yẹn kó sì máa lọ!

Mo ń bó ànàmọ́ lọ́wọ́ níbi iṣẹ́ nígbà tí mo gbọ́ ọ lórí rédíò. Wọ́n ní àwọn olóṣèlú Amẹ́ríkà ò fohùn ṣọ̀kan lórí owó ìṣúná, nítorí náà wọ́n ti ìjọba pa. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ mi. Ìjọba ṣe ń tilẹ̀kùn? Ṣé ṣọ́ọ̀bù ni? Bí ṣọ́ọ̀bù bá tilẹ̀kùn ní Rye Lane níbí, ẹni tó ń tajà á lọ sílé lọ sinmi. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí tilẹ̀kùn tán, wọ́n ní kí Káyọ̀dé máa bọ̀ wá síbi iṣẹ́, láìgba owó, wọ́n sì fagi lé ìsinmi tó ti gbà láti wà pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ẹnu yà mí!

Mo pè é. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé inú. Ó ní, "Mummy, wọ́n ní a ṣe pàtàkì. A ṣe pàtàkì débi pé wọn ò lè jẹ́ ká lọ sílé. Ṣùgbọ́n a ò ṣe pàtàkì débi tí wọ́n á fi sanwó fún wa."

Bó bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó ń fi mọ́tò gbé oúnjẹ kiri fún àwọn tó rà á lórí fóònù, kí òun àti Ṣadé lè rí nǹkan jẹ. Nítorí náà, láàárọ̀ títí di alẹ́, Ṣadé wà nílé nìkan pẹ̀lú oyún.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó yà mí lẹ́nu jù. Ọkọ mi ń wa bọ́ọ̀sì. Díákónì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Kò sí èyí tó dìbò ní Amẹ́ríkà rí nínú wọn. Ọkọ mi ò tilẹ̀ tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ìjọba ti ilẹ̀kùn yẹn, àwọn méjèèjì di aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú! Tẹ́lẹ̀, aràárọ̀ Sátidé ni wọ́n máa ń pe ara wọn láti gbàdúrà fún oyún náà. Wọ́n sọ àdúrà di àríyànjiyàn.

Ọkọ mi á ní, "Àna mi, ẹgbẹ́ tó wà lórí oyè ló fà á! Bí bọ́ọ̀sì bá kó sí gọ́tà, ẹni tó di sìtíárìn mú ni ọlọ́pàá ń mú, kì í ṣe èrò!"

Díákónì á dáhùn láti inú fóònù, "Bí èrò bá rọ̀ mọ́ dírẹ́bà lọ́wọ́ ńkọ́? Àwọn alátakò ni ò gbà! Ẹ lọ kà á dáadáa!"

"Mo ti kà á!"

"Níbo? Lórí fóònù tí ọmọ mi rà fún yín?"

"Ẹn-hẹ́n! Ọmọ yín rà á, ọmọ tèmi ló yan àwọ̀ rẹ̀!"

Mo gbé oúnjẹ sílẹ̀ níwájú ọkọ mi. Mo ní, "Bàbá Ṣadé, ṣé ẹ ti pe Ṣadé lónìí?"

Wọ́n ní, "Màá pè é bí mo bá ti parí èyí."

Wọn ò parí ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, wọn ò kí ara wọn mọ́. Àna àti àna! Ẹ̀yin náà rí i, ẹ kàn ò mọ ohun tó fà á ni. Ọ̀kan ń jókòó lápá ọ̀tún, èkejì lápá òsì.

Nígbà tí ìrìnàjò mi kù díẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù mi. Wọ́n ní ọkọ̀ òfurufú kejì, èyí tó yẹ kó gbé mi dé ìlú Ṣadé, ti di fífagilé, nítorí àwọn tó ń darí ọkọ̀ lójú òfurufú ò tó mọ́. Mo pè wọ́n. Ọmọbìnrin tó gbé e bẹ̀ mí gan-an. Ó ní, "Màdámù, kì í ṣe àwa. Ìjọba ni."

Mo ní, "Ta ni nínú ìjọba?"

Ó mí kanlẹ̀. "Màdámù, ẹgbẹ́ tibí ní tọ̀hún ni. Tọ̀hún ní tibí ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Kò sí àyè mìíràn àfi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo fa ẹrù mi jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo jókòó lé e lórí.

Lọ́jọ́ kejì, Ṣadé lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru. Dókítà wí fún un pé, "Mi ò fẹ́ kí o wà nílé nìkan rárá. Bí orí bá ń fọ́ ọ, tí ojú rẹ bá ń ṣú, kí ẹnì kan gbé ọ wá síbí kíá. Ta ló wà pẹ̀lú rẹ?"

Ṣé ẹ mọ ohun tí ọmọ mi sọ fún dókítà? Ó ní, "Mummy mi ń bọ̀."

Mummy rẹ̀ wà ní Peckham, lórí àpótí ẹrù!

Nígbà tí a jọ rí ara wa lórí fóònù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú bí ìrọ̀rí. Ó ní, "Mummy, mo wà fine. Small headache ni." Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ ohun tí "fine" máa ń jẹ́ lẹ́nu ọmọ tí kò fẹ́ kí ẹ dààmú.

Ọjọ́ Ìsinmi dé. Mo jókòó sáyè mi. Pásítọ̀ ní kí ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ ti ju agbára rẹ̀ lọ na ọwọ́ sókè. Ẹ̀yin ará, ọwọ́ mi wúwo. Àdéhùn wa ń bẹ lọ́kàn mi. Mi ò nà á. Màmá Tóbi fọwọ́ kàn mí léjìká láti ẹ̀yìn. Ó ní, "Ìyá Ṣadé, ara rẹ ò yá ni? Ṣé àlàáfíà ni?"

Mo ní, "Àlàáfíà ni."

Lẹ́yìn ìsìn, a wà nídìí tábìlì tíì lẹ́yìn họ́ọ̀lù níbí. Ẹnì kan, mi ò dárúkọ, kàn ṣàwàdà pé Amẹ́ríkà náà ti wá di bí tiwa. Díákónì dáhùn pé, "Àwọn alátakò ló bà á jẹ́." Ọkọ mi wà lẹ́yìn wọn. Wọn ò tíì bá Díákónì sọ̀rọ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n èyí wọ̀ wọ́n lára.

"Àwọn alátakò! Àwọn tó ń ṣàkóso ńkọ́?"

"Bàbá Ṣadé, mi ò bá yín sọ̀rọ̀."

"Ẹ máa bá mi sọ ọ́! Ẹ sọ ọ́ níwájú ìjọ! Ọmọ mi wà nílé nìkan, oyún oṣù mẹ́jọ, ẹ̀jẹ̀ ríru! Ìyá rẹ̀ ò rí ọkọ̀ wọ̀! Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀fẹ́! Nítorí ẹgbẹ́ tí ẹ̀yin ń gbè lẹ́yìn!"

Ẹ rántí. Tíì ń kán sílẹ̀ lẹ́nu kẹ́tùlù, ẹnikẹ́ni ò sì dí i. Ohun tí a fi pa mọ́ láti ọ̀pọ̀ oṣù wá, ọkọ mi ti fi ìbínú òṣèlú tú u síta, níwájú gbogbo ènìyàn! Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá wọlẹ̀.

Màmá Tóbi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ò le rárá. Ó ní, "Ìyá Ṣadé. Ìlú wo ni Ṣadé ń gbé?"

Mo dárúkọ ìlú náà.

Àwo búrẹ́dì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ibẹ̀ ni Bùkọ́lá wà! Àbúrò mi! Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni! O ti ń jókòó síwájú mi láti ọjọ́ yìí, ò ń sọ fún mi pé àlàáfíà ni!"

Ó ń bínú, ó ń sunkún, ó sì ń tẹ fóònù lọ́wọ́ kan náà. Ògo ni fún Ọlọ́run! Bùkọ́lá gbé e. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ tán lọ́dọ̀ wọn, ó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ alẹ́. Màmá Tóbi sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bùkọ́lá béèrè ìbéèrè kan péré: "Ṣé orí ń fọ́ Ṣadé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ fún mi ní àdírẹ́sì."

Bí ó ti ń wa mọ́tò lọ, èmi ń pe Ṣadé. Kò gbé e. Mo tún pè. Kò gbé e. Díákónì ń pe Káyọ̀dé. Fóònù Káyọ̀dé wà nínú àpótí.

Bùkọ́lá débẹ̀. Màmá Tóbi gbé fóònù sórí tábìlì kí gbogbo wa lè gbọ́. A gbọ́ bó ti ń kan ilẹ̀kùn. Ko, ko, ko. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Peckham, a ń gbọ́ ọwọ́ lára ilẹ̀kùn ọmọ mi ní Amẹ́ríkà, ẹnikẹ́ni ò sì dáhùn.

Bùkọ́lá ní, "Ilẹ̀kùn wà ní títì. Mò ń rí iná nínú ilé ìdáná."

Díákónì kígbe, "Kí wọ́n pe ọlọ́pàá!"

Ọkọ mi kígbe, "Kó fọ́ fèrèsé!"

"Bó bá fọ́ ọ, wọ́n á mú un lólè!"

"Ẹ̀yin lẹ máa ń—"

Ẹ̀yin ará, ohùn kan ti inú mi jáde tí mi ò mọ̀ pé mo ní. Mo ní, "Ẹ DÁKẸ́!"

Wọ́n dákẹ́.

Mo sún mọ́ fóònù. "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ lọ sẹ́yìn ilé. Ẹ wò ó bóyá bàtà òjò wà níbẹ̀. Ẹ ti ọwọ́ bọ ti òsì."

Nítorí kí ni? Nítorí nílé wa níbí, láti ìgbà tí Ṣadé ti ń ti ilé ẹ̀kọ́ dé ṣáájú mi, inú bàtà òjò ẹsẹ̀ òsì, lẹ́yìn ilé, ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn máa ń wà. Mi ò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rí bóyá ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

A ń gbọ́ ẹsẹ̀ Bùkọ́lá lórí ewé gbígbẹ. Lẹ́yìn náà, a gbọ́ ìró irin kékeré kan. Kọ́kọ́rọ́! Ìjọ hó! Ṣùgbọ́n ariwo wa ò tíì lọ sílẹ̀ tí a fi gbọ́ ohùn Bùkọ́lá. "Jésù!" ló wí. Fóònù sì dákẹ́.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé mo ní ìgbàgbọ́ ní wákàtí yẹn. Mi ò ní nǹkan kan. Màmá Tóbi ló dì mí mú. Pásítọ̀ kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ lásán, ìjọ náà kúnlẹ̀. Ọkọ mi àti Díákónì jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹgbẹ́ kankan mọ́.

Nígbà tí Bùkọ́lá pe padà, ilé ìwòsàn ló wà. Orí ilẹ̀ ilé ìdáná ló ti bá Ṣadé, gìrì ti gbé e. Òun ló yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, òun ló pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn, òun ló tẹ̀ lé e. Dókítà jáde lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó ní, "Ta ló rí i?" Bùkọ́lá ní òun ni. Dókítà náà ní, "Ká ní ìrọ̀lẹ́ tí ọkọ rẹ̀ á dé lẹ dúró dè ni, ìyá àti ọmọ, à bá ti pàdánù àwọn méjèèjì."

Ẹ gbọ́, ó ní àwọn méjèèjì! Àwọn méjèèjì sì wà láàyè! Ọmọbìnrin ni. Kékeré báyìí, wọ́n gbé e sínú àpótí onígíláàsì, ó sì ń fi ẹsẹ̀ ta á. Ṣadé lajú lọ́jọ́ kejì. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni, "Ṣé Mummy ti dé?" Ọlọ́run, o ṣeun! O ṣeun! O ṣeun!

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun kan sí i, nítorí kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Bùkọ́lá ló pe pápá ọkọ̀ òfurufú tí ó sì bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbé e fún ọ̀gá Káyọ̀dé, obìnrin kan tí òun náà ń ṣiṣẹ́ láìgba owó. Káyọ̀dé sọ fún wa pé ọ̀gá yìí rìn wá bá òun láàárín èrò, ó gba ìbọ̀wọ́ kúrò lọ́wọ́ òun. Káyọ̀dé ní, "Ọ̀gá, kò sẹ́ni tó máa gba ipò mi. Wọ́n lè lé mi." Obìnrin náà ní, "Máa lọ bá ìyàwó rẹ. Èmi á dúró níbí. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, sọ pé èmi ni mo ní kó o lọ. Kí wọ́n dì í rù mí."

Ẹ̀yin ará, láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìjọba yìí ti bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́ rédíò, mo gbọ́ tẹlifíṣọ̀n, mo gbọ́ ọkọ mi, mo gbọ́ àna mi. Gbogbo wọn ló ń na ìka sí ẹlòmíràn. Obìnrin yìí nìkan ni mo gbọ́ tó sọ pé kí wọ́n dì í ru òun. Ẹ bá mi gbàdúrà fún un. Mi ò mọ ẹgbẹ́ tó dìbò fún.

Lọ́jọ́ kẹjọ, a sọ ọmọ lórúkọ níbí, ẹ wà níbẹ̀. Ṣadé wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọ wà nínú àpótí, fóònù wà lórí tábìlì tíì. Díákónì ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ orúkọ, nítorí àwọn ni bàbá ọkọ. Wọ́n yíjú sí ọkọ mi. Wọ́n ní, "Àna mi, ẹ wá dúró tì mí." Ọkọ mi lọ. Díákónì wá ní, "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìjọba ò tíì ṣílẹ̀kùn títí di òní. Ṣùgbọ́n Olúwaṣílẹ̀kùn ni ọmọ yìí ń jẹ́."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìjọba tó wá ṣí. Ẹgbẹ́ méjèèjì bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, oníkálukú ní òun ló borí. Ọkọ mi dìde, wọ́n pa á. Wọ́n ní, "Ẹ pe Ṣadé."

Nígbà tí mo wá fẹ́ lọ, mo sọ ọjọ́ náà fún yín níwájú pẹpẹ, mo sọ ọkọ̀ tí mo fẹ́ wọ̀. Àwọn kan fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n ní, "Ìyá Ṣadé, ṣé ẹ ò bẹ̀rù?" Mo bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun tó yẹ kí n bẹ̀rù. Mo lọ, mo wẹ ọmọ, mo gbé e jó, mo sì ti dé.

Ẹni tó wà nínú wàhálà láàárọ̀ yìí, tó jókòó bí mo ti ń jókòó, mò ń bá ọ sọ̀rọ̀. Má sọ pé àlàáfíà ni bí kì í bá ṣe àlàáfíà. Bí ìjọba ibikíbi bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ, yíjú wo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ. Ẹ yíjú báyìí, gbogbo yín. Ẹ wo ojú ara yín dáadáa. Ọlọ́run tó gbà mí ò rán áńgẹ́lì kankan láti ọ̀nà jíjìn. Ó ti fi ìdáhùn mi sẹ́yìn àga mi láti ọdún tó ti pẹ́.

Màmá Tóbi, o ṣeun. Bùkọ́lá, bó o bá ń gbọ́ wa, o ṣeun. Ìjọ Ọlọ́run, ẹ ṣeun. Ní báyìí, bí Màmá Tóbi bá béèrè lọ́wọ́ mi bóyá àlàáfíà ni, mo máa ń dá a lóhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan orúnkún tó ń dùn mí. Ó ní ọ̀rọ̀ mi ti pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kó pọ̀! Ẹ yin Olúwa! Mo ní, ẹ yin Olúwa! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́hùn-ún, ṣé ẹ gbọ́ mi?